Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní ògbólógbòó ọkọ̀: ohun tí Kòrónà fi hàn ní Iléṣà àti lórí òkun

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2020 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ọ̀nà láti ìpínlẹ̀ kan sí ìkejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti múra. Bọ́ọ̀sì J5 tí mo fi ń ná Iléṣà sí Ìbàdàn ti wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìnkùlé láti ìparí oṣù kẹta. Mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, mo yí i. "Tákí." Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Nígbà tí mẹkáníìkì máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, eku ti tẹ́ ìtẹ́ sórí ẹ́ńjìnnì, ó ti gé wáyà jẹ. Bíréèkì ẹ̀yìn ti gan pa. Táyà méjì ti fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò lè yí dáadáa mọ́. Oṣù mẹ́ta péré. Lóṣù mẹ́ta tí kò gbé èrò kan, ó ná mi ju oṣù mẹ́ta tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ.

Ní ogúnjọ́ oṣù yẹn kan náà ni Cruise & Maritime Voyages kógbá sílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ afẹ́ ni, ọkọ̀ mẹ́fà péré ló ń lò, gbogbo wọn ló sì ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Àwa Ìjẹ̀ṣà ò bá òkun pààlà, kí ló wá kàn mí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló ń dáná nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ló ń pè mí lórí WhatsApp láti ojú omi: èrò ti sọ̀ kalẹ̀ tán, àwọn òṣìṣẹ́ ò rí èbúté tí yóò gbà wọ́n, owó oṣù sì ti dáwọ́ dúró. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìròyìn àwọn ọkọ̀ yìí kiri. Mo wá rí i pé àṣìṣe tí mo ṣe lábẹ́ igi máńgòrò làwọn kan ṣe lórí òkun. Owó tiwọn ló kàn pọ̀.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ tó dúró kì í jẹun

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dà bí eré. Ní oṣù kejì 2020 ni àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ nínú Diamond Princess ní èbúté Yokohama ní Japan. Nínú èèyàn tó lé ní 3,700 tó wà nínú rẹ̀, 712 ló kó o. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ afẹ́ kéde pé àwọn yóò dá ìrìn-àjò láti èbúté Amẹ́ríkà dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́! Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ńlá àkọ́kọ́ tó tún gbé èrò tó sanwó kúrò níbẹ̀. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn dà. Àwa náà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ méjì la gbọ́ lẹ́nu Ààrẹ fún Èkó, Ògùn àti Àbújá. Èmi náà gbọ́ ọ lórí rédíò, mo fi ọ̀sẹ̀ méjì náà sọ́kàn, n ò yọ orí bátìrì, n ò gbé ọkọ̀ sórí búlọ́ọ̀kù.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ òkun sílẹ̀. Èkíní ni kí ó wà láàyè: jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, iná ń tàn, òṣìṣẹ́ díẹ̀ ń sùn nínú rẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń yí ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ń jẹ epo, ó ń jẹ owó oṣù, ó ń jẹ owó èbúté. Èkejì ni kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ kú pátápátá. Ó dín owó kù lóòótọ́, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkun tútù, iyọ̀ sì wà nínú rẹ̀: kápẹ́ẹ̀tì á hu, páìpù á dípẹtà, nǹkan ẹlẹ́mìí oníkarawun á lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ lábẹ́ omi. Jíjí i padà á gba oṣù púpọ̀. Ọkọ̀ tuntun lè fara da ìyẹn. Ọkọ̀ tí páìpù rẹ̀ ti gbó láti ọjọ́ pípẹ́ ńkọ́? Yálà ó wà láàyè àbí ó kú, owó adójútòfò ò dúró.

Àwọn ńlá rí ibi yá owó. Ní oṣù kẹrin 2020, Carnival yá bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ní èlé 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ka èlé yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ilé-iṣẹ́ tó tóbi jù lágbàáyé bá lè gba irú èlé bẹ́ẹ̀ mọ́ra, kí ni wọn yóò sọ fún ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní 1965 dógò yá owó? Marco Polo nìyẹn, ọ̀kan nínú ọkọ̀ mẹ́fà ilé-iṣẹ́ tó kógbá sílé yẹn.

Ohun tí mẹkáníìkì mi ní kí n máa ṣe kò tó nǹkan: kí n ṣáná sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kó gbóná dáadáa, kí n tì í síwá sẹ́yìn kí táyà má sùn lójú kan, kí n yọ orí bátìrì, kí n má fi ìyẹ́pẹ̀ àti ewé gbígbẹ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ torí eku. Ó sọ ọ́ lẹ́yìn tó ti gba owó iṣẹ́ rẹ̀ tán ni.

Ẹ má fi owó èrò ọ̀la ra epo òní

Àṣìṣe yìí ló dùn mí jù, mi ò níí yára kọjá lórí rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà ló ni òṣómàáló. Àwọn bàbá wa á gbé aṣọ lọ sí ìlú onílùú, wọ́n á tà á láwìn, tí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè. Ìgbà tí wọ́n bá gbowó ni wọ́n tó dìde. Òwò ọkọ̀ afẹ́ yí ìtàn yẹn po. Èrò ló ń ṣáájú sanwó, oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn ọdún kan, kí ó tó gbẹ́sẹ̀ sínú ọkọ̀. Tí nǹkan bá ń lọ déédéé, owó ẹni tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ lè san owó epo ẹni tó wà lórí omi lónìí. Kò sí ẹni tó máa mọ̀. Àfi ọjọ́ tí gbogbo èrò bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà pé kí wọ́n dá owó àwọn padà, tí ẹnikẹ́ni ò sì san tuntun.

Èmi ṣe é ní kékeré. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ kan ti san ìdajì owó fún mi pé kí n gbé wọn lọ sí Ìbàdàn fún Àjíǹde, ọjọ́ 12 oṣù kẹrin. Mo ti fi owó náà ra gíábọ́ọ̀sì. Ìyá ẹgbẹ́ fúnra wọn ló wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n fi ìbòmú àǹkárá bo ẹnu. Mo gbé àga, wọn ò jókòó. Wọ́n fẹ̀yìn ti òpó fàráńdà.

"Bàbá Táyọ̀, mi ò bá yín jà o. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ò jẹ́ n sinmi."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ìjọba ló ti ọ̀nà."

"Ọ̀nà nìjọba tì. Kò ti àpò yín."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pín owó náà san. Láti ìgbà náà, owó èrò tí n ò tíì gbé kì í wọ àpò kan náà pẹ̀lú owó epo mi. Ìyàwó mi ló ń bá mi tọ́jú ẹ̀ sí àkántì tirẹ̀, n ò sì mọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì rẹ̀.

Lórí òkun, òṣómàáló ní ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lọ́wọ́. Nínú òfin òkun, ọkọ̀ gan-an ni wọ́n ń mú, bí ẹni mú ọ̀daràn: kò gbọdọ̀ kúrò ní èbúté títí gbèsè yóò fi ní ìdáhùn. Ní oṣù kìíní 2022, Crystal Symphony, ọkọ̀ 1995, ń bọ̀ wá gúnlẹ̀ sí Miami pẹ̀lú èrò nínú rẹ̀. Adájọ́ ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n mú un nítorí owó epo tí wọn ò san. Ọkọ̀ náà yí orí padà, ó lọ gúnlẹ̀ sí Bimini ní Bahamas. Ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi kó àwọn èrò lọ sí Florida. Ẹni tó sanwó ìgbádùn wá di ẹni tí wọ́n fi ń sá fún ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Wọ́n padà mú ọkọ̀ náà ní Bahamas lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ọjọ́ orí

"Ó ti gbó ni, ọjọ́ orí ló pa á." Bí wọ́n ṣe ń sọ nípa ọkọ̀ òkun náà ni wọ́n ń sọ nípa J5 mi ní gáréèjì. Mi ò gbà.

Ẹ wò ó. Monarch, tí ilé-iṣẹ́ Pullmantur ti Sípéènì ń lò, 1991 ni wọ́n kàn án. Gbèsè gbé ilé-iṣẹ́ náà dé ilé-ẹjọ́ ní oṣù kẹfà 2020. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, Monarch àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sovereign, tí òun jẹ́ ọkọ̀ èrò tó tóbi jù lágbàáyé nígbà tí wọ́n kàn án ní 1988, ti wà ní Aliağa ní Tọ́kì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi agbára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà á gun etíkun, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi iná gé e bí ẹni gé iṣu. Ní 1991 kan náà ni wọ́n kàn Ambience. Òun ń gbé èrò láti Tilbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù kẹrin 2022. Ọjọ́ orí kan náà. Ọ̀kan ti di irin, èkejì ń gbé èrò lórí omi.

Ohun tó yà wọ́n ni ọjà. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré yìí, tòkunbọ̀ ni wọ́n ń rà? Àwọn ńlá á lo ọkọ̀ fún ogún ọdún, wọ́n á tà á fún ẹni tó kéré sí wọn, òun náà á lò ó tiẹ̀, gẹ́gẹ́ bí bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi gbé ẹrù ní Jámánì ṣe ń wá gbé èrò ní Ẹ̀rẹ́jà ní Iléṣà. Ní 2020, àwọn ńlá fẹ́ ta ọkọ̀ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí owó ń jò lára wọn. Àwọn tó yẹ kó rà á sì ń kú lọ. Ọjà tí kò lẹ́ni tó ń ná an, iye irin ara rẹ̀ ni iye rẹ̀. Carnival Fantasy, Imagination àti Inspiration lọ sí Aliağa lọ́dún yẹn, wọn ò sì jẹrà.

Fred. Olsen, ilé-iṣẹ́ kékeré kan, ló fi hàn mí pé ẹni tó bá ní owó díẹ̀ nílẹ̀ á rí ọ̀pọ̀ rà. Ní oṣù keje kan náà tí èmi ń jà pẹ̀lú eku, wọ́n kéde pé àwọn ti ra ọkọ̀ méjì lọ́wọ́ Holland America, ti 1997 àti ti 2000, láti fi rọ́pò Black Watch àti Boudicca tí wọ́n kàn ní 1972 àti 1973. Wọ́n yọwọ́ nínú ògbólógbòó, wọ́n mú tòkunbọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí i.

Ẹ má ra ọ̀pọ̀ kí ẹ tó béèrè ìwé

Kí Ambience tó di Ambience, àwọn kan rà á ní 2020, wọ́n sọ ọ́ ní Satoshi. Wọ́n fẹ́ dá a ró sí etí Panama kí àwọn oníbítíkọ́ìnì máa gbé inú rẹ̀ bí ilé. Wọ́n ti rà á tán kí wọ́n tó mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa ṣe adójútòfò rẹ̀. Ojúlùmọ̀ mi kan nítòsí Ọjà Àtàkúnmọ́sà ra bọ́ọ̀sì lọ́nà bẹ́ẹ̀ nígbà Kòrónà, owó pọ́ọ́kú. Ọlọ́pàá ló wá gbé e lọ.

Ẹ má dúró de ẹni tí yóò fẹ́ràn rẹ̀ bíi tiyín

Astoria ló dàgbà jù nínú ọkọ̀ mẹ́fà ilé-iṣẹ́ tó kógbá sílé yẹn. Stockholm lorúkọ rẹ̀ nígbà tí àwọn ará Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò ní 1948. Òun ló forí gbá Andrea Doria ti Ítálì lóru ọjọ́ 25 oṣù keje 1956; èèyàn 51 ló kú. Ọkọ̀ tó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, ṣé kò ní rí olùfẹ́? Ó dúró ní Rotterdam láti 2020. Wọ́n ń sọ pé ẹni yìí fẹ́ rà á, ẹni yẹn fẹ́ rà á. Ní 2025 ni wọ́n wọ́ ọ lọ sí Ghent ní Belgium láti gé e. Vasco da Gama, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n kàn ní 1993, ti rí olówó láti Pọtogí rà á ní gbàǹjo ní oṣù kẹwàá 2020, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èmi pẹ̀lú dúró. Ní 2021, ọkùnrin kan láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ná J5 mi ní iye tó dára. Mo ní rárá, mo ní ẹ́ńjìnnì náà kò jẹ ọ́ìlì rí, mo ní òun ló rán Táyọ̀ níwèé. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, wọ́n ní owó ìrànwọ́ epo ti dópin, J5 tó ń mu epo bí omi sì padà sábẹ́ igi máńgòrò. Lọ́tẹ̀ yìí mo yọ orí bátìrì, mo gbé e sórí búlọ́ọ̀kù, mo gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ mọ́.

Àwọn tó ń ra kóńdẹ́ḿ ló gbé e nígbẹ̀yìn. Ọmọkùnrin mẹ́ta, àáké méjì, kẹ̀kẹ́ ẹrù kan. Láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti tú u. Iye tí wọ́n san ò tó ìdá mẹ́rin ohun tí ará Ìpetu náà fẹ́ san. Mo gba fèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyàwó mi ti gbin ewédú síbi tó dúró sí.