Bí Mo Ṣe Fi Ọmú Nìkan Bọ́ Ọmọ Mi Lẹ́yìn Tí Mo Padà Sẹ́nu Iṣẹ́

Olùkọ́ ni mí ní ìlú Ìkéré-Èkìtì. Kí n tó bímọ ni èmi àti ọkọ mi ti fẹnu kò pé ọmú nìkan ni ọmọ wa yóò máa mu títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á sílẹ̀. Ìpinnu náà kò le rárá ní ilé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti gbé ọmọ lé mi láyà kí wákàtí kan tó pé, tí ó sì mu omi ọmú àkọ́kọ́ tó ki, tó ní àwọ̀ ìyeyè. Ilé ni ọ̀rọ̀ ti wá le.

Ìyá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́jú ọmọ bi mí pé, "Ìyàwó mi, ooru yìí mà pọ̀, ṣé ọ̀fun ọmọ kò ní gbẹ ni?" N kò bá wọn jiyàn. Mo ṣàlàyé pé omi ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọmú, mo sì bẹ̀ wọ́n kí àwọn fúnra wọn máa ka ìtẹ́dìí tí ọmọ bá tọ̀ sí, nítorí nọ́ọ̀sì ti sọ pé bí ọmọ tó ti kọjá ọjọ́ 5 bá ń tọ̀ sí ìtẹ́dìí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí 24, oúnjẹ ń tó o. Màmá ń ka ìtẹ́dìí bí ẹni ń ka owó èésú, wọ́n sì gbàgbé àgbo. Wíwẹ ọmọ àti nínà án, tiwọn ni. N kò dá sí ìyẹn.

Kí ìsinmi ìbímọ tó parí ni mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ fún omi ọmú sínú ife, nítorí n kò ra ẹ̀rọ. N óò fi ọṣẹ fọ ọwọ́, n óò fi aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ ọmú díẹ̀, n óò wá fi àtàǹpàkò sí òkè, kí n fi ìka tó tẹ̀lé e sí ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ibi dúdú tó yí orí ọmú ká. Mo ń tì í sẹ́yìn sí àyà ná, kí n tó fún un, kí n sì tú ọwọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fún orí ọmú gan-an, ìrora nìkan ni yóò rí. Ẹ̀kán díẹ̀díẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde, ẹni tí kò bá ní sùúrù á rò pé òun kò ní omi ọmú. Lẹ́yìn náà ni yóò máa tú jáde.

Omi ọmú tuntun lè wà fún wákàtí 4 láìbàjẹ́ níbi tí kò gbóná ju ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì lọ. Yàrá àwọn olùkọ́ wa máa ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà inú kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ni mo ń gbé e sí lójú ẹsẹ̀. Nínú fíríjì, ó lè tó ọjọ́ 4, ṣùgbọ́n pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀, n kì í jẹ́ kí tèmi kọjá ọjọ́ kejì.

A kò lo fídà, nítorí ó ṣòroó fọ̀ mọ́. Ife kékeré ni Màmá ń lò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé omi ọmú náà sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kì í ṣe sórí iná. Wọn óò gbé ọmọ jókòó, wọn óò fi etí ife kan ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn óò sì jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ máa lá a. Èyí ló le jù fún wọn, nítorí ọmọ tí wọ́n ti fi ọwọ́ rọ kò lóǹkà, ọwọ́ wọn sì ń yá láti da nǹkan sí ọmọ lẹ́nu. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ó lè gba ọ̀nà èémí." Èyí tó bá ṣẹ́kù sínú ife, bí wákàtí 2 bá ti kọjá, dídà nù ni, bó ti wù kó dùn wọ́n tó.

Ọmọ ti pé oṣù mẹ́fà báyìí. Ògì tó ki, tí a lọ ẹja sí, ti wọ inú oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n kúlà mi ṣì ń bá mi lọ sí ilé ìwé, nítorí mo fẹ́ kí ó mu ọmú pé ọdún 2.