Bí Mo Ṣe Sanwó Fíìmù Ọlọ́pàá Kan Lẹ́ẹ̀mejì Kí N Tó Rí Ìparí Rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó fíìmù kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Fíìmù ẹ̀rín ni o, kì í ṣe èyí tó yẹ kó bí ènìyàn nínú. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń kọ eléyìí, inú ṣì ń bí mi.

Ẹ̀rín ni mo ń wá. Ọ̀sẹ̀ náà ti le, mo sì fẹ́ràn fíìmù tí wọ́n ti so ọlọ́pàá méjì tí kò gba ti ara wọn pọ̀ tipátipá. Ọ̀kan á máa ṣe gbogbo nǹkan létòlétò, èkejì á sì jẹ́ aláriwo. Wọn á máa bú ara wọn látàárọ̀ dalẹ́, ọ̀gá wọn á ní òun ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn náà ni wọn á ṣì mú ọ̀daràn. Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa parí. Inú èébú tó wà láàárín ni adùn rẹ̀ wà. Rush Hour ti ọdún 1998 ni mo mú, níbi tí Jackie Chan ti ṣe ọlọ́pàá láti Hong Kong, tí Chris Tucker sì ṣe ti Los Angeles, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 38 péré ni. Ta ni kò lè wo ìyẹn tán?

Mi ò ní í fi bí wọ́n ṣe ń háyà fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì dà yín láàmú. Ẹ wá a, ẹ sanwó, ó parí. Alẹ́ Fúráìdé ni mo ṣe àṣìṣe tèmi. Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀, mo tẹ pléè, mo wo ìṣẹ́jú méjì kí n lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, mo sì pa á. Ọjọ́ kejì ni àbúrò mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì máa wá bá mi wò ó. Ohun tí mi ò kà nínú àdéhùn wọn ni pé ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo ní láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ pléè pẹ́nrẹ́n, wákàtí 48 ló kù. Ìṣẹ́jú méjì tí mo fi dán an wò ti gbé aago dìde. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà jọ eré: nínú fíìmù 48 Hrs. ti ọdún 1982, wákàtí 48 náà ni wọ́n fi yọ ẹlẹ́wọ̀n tí Eddie Murphy ṣe jáde, kó lè ran ọlọ́pàá lọ́wọ́. Òun mọ̀ pé aago ń lọ. Èmi ò mọ̀.

Ó di Sátidé. Mo ní pírójẹ́tọ̀ àtijọ́ kan tí kò ní ju ihò VGA lọ, ìyẹn ihò wáyà àwòrán ti ayé àtijọ́, mo sì ti ra adáptọ̀ tó ń so HDMI, ihò ìgbàlódé tó wà lára kọ̀ǹpútà mi, mọ́ VGA. Mo pa iná, mo kọjú ẹ̀ sí ògiri funfun, orí mi ti ń wú pé èmi náà ti ní sinimá nílé. Mo tẹ pléè. Ohùn ń jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ògiri dúdú bí ìdí ìkòkò. Tucker ń pariwo nínú òkùnkùn.

Mo yọ wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo lọ tọrọ wáyà HDMI mìíràn. Dúdú. Èyí tó wá fẹ́ sọ mí di wèrè ni pé fídíò ìgbéyàwó tí mo fi fóònù ká jáde lára ògiri kedere, gbogbo fídíò ọ̀fẹ́ náà sì ń jáde. Èyí tí mo sanwó fún nìkan ni kò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé owó yẹn wọlé ṣá?"

Mi ò dá àbúrò mi lóhùn. Nígbà tó di aago mọ́kànlá, wọ́n dìde, wọ́n ní ó dọ̀la.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, mo fi ìbínú fa wáyà náà yọ, àwòrán sì yọ lójú kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Ibẹ̀ ni mo ti rí orí okùn, mo wá a títí mo fi dé ìdí ẹ̀. HDCP ni wọ́n ń pè é. Àgádágodo kan ni, kí ènìyàn má baà rí fíìmù náà gbà sílẹ̀ láti ojú wáyà. Kí àwòrán tó jáde, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ tó wà lódìkejì pé ṣé ó mọ ọ̀rọ̀ àṣírí. Ọdún 1987 ni VGA ti dé, kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí kankan tí wọ́n kọ́ ọ. Adáptọ̀ tèmi náà kò lè bá a dáhùn. Ẹni tó jí fíìmù náà wò kò ní pàdé àgádágodo kankan o. Èmi tí mo sanwó ni wọ́n tì mọ́ta.

Inú mi dùn pé kò sí ẹni tó bá mi tú u. Mo fi bẹ́ẹ̀ yangàn fún àbúrò mi nígbà tí wọ́n dé, àwa mẹ́rin sì há sójú kọ̀ǹpútà kékeré kan ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. A rẹ́rìn-ín gidi. Ìjà ìkẹyìn kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àbúrò mi ní kí n dá a dúró, òun fẹ́ gbé fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló lò. Nígbà tí mo tẹ pléè padà, wọ́n ní kí n sanwó.

Tí mo bá tún háyà, mi ò ní í dán nǹkan kan wò. Ìgbà tí gbogbo ìdí bá ti kan àga ni mo máa tẹ pléè, fóònù gbogbo ènìyàn á sì wà nínú yàrá mìíràn. Pírójẹ́tọ̀ yẹn ti di ti fídíò ìgbéyàwó.

Mo tún sanwó lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má pa á o, tí orúkọ àwọn òṣèré bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: ibẹ̀ ni wọ́n kó àṣìṣe wọn sí, níbi tí ahọ́n Tucker ti ń lọ́ lórí èdè Ṣáínà, tí Chan sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ tán, wákàtí 47 ló kù lórí aago tuntun náà. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ilẹ̀ Monday tó ṣú, mo sì tún fẹ́ wò ó kí n tó sùn.