Àṣìṣe tí àwa òbí ń ṣe láàrin lẹ́sìnnì àti eré ọmọ

Ọmọ ti ilé-ìwé dé ní aago méjì. Kò tíì bọ́ yunifọ́ọ̀mù tán tí olùkọ́ lẹ́sìnnì fi kanlẹ̀kùn. Nígbà tó bá fi di aago mẹ́fà, iṣẹ́ àṣetiléwá tún wà nílẹ̀. Ìgbà wo ni ọmọ yìí fẹ́ ráyè tú nǹkan palẹ̀, kó sì tún un tò? Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀kọ́ kún ọjọ́ ọmọ dẹ́nu.

Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ni pé a máa ń sọ eré di ìdánwò. Èmi náà ti ṣe é rí. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n: ihò 12, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀. Ọmọ tó ń ta á ní láti ka iye tó wà nínú ihò, kó sì ti mọ ibi tí ọmọ ayò tó kẹ́yìn máa bọ́ sí kó tó bù ú. Ìṣirò gidi nìyẹn. Bí ẹ bá wá dá a dúró pé, "Mẹ́rin lọ́nà méjìlá jẹ́ mélòó?", ayò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ kọ́ ọ ní òfin rẹ̀ dáadáa, ẹ bá a ta ọwọ́ kan, kí ẹ wá panu mọ́. Bó bá ta á ṣì, tí ẹnìkejì rẹ̀ jẹ ọmọ ayò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wádìí ohun tó fà á.

Ẹ má sì tìtorí èyí fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún ọmọ. Ìwé kíkà kì í hù fúnra rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó tì í lójoojúmọ́, kó fi ìyàtọ̀ e àti ẹ hàn án, kó jẹ́ kó mọ̀ pé àmì ohùn ló ya ọkọ́ tí à ń fi ro oko sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ tí à ń wọ̀.

Àwọn òbí kan rí Montessori lára pátákó ilé-ìwé, wọ́n rò pé ọmọ kàn ń ṣe bó ṣe wù ú níbẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà ìkọ́ni tí Maria Montessori, dókítà kan ará Ítálì, bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù ní 1907, olùkọ́ ní láti kọ́kọ́ fi bí a ṣe ń lo ohun èlò hàn, kí ọmọ tó máa yan èyí tó wù ú. Tí ẹ bá lọ wo irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún wákàtí kan. Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ àwọn ọmọ ń tó ohun èlò náà lórí pẹpẹ, àti bóyá wọ́n ń dá a padà sáyè rẹ̀ tí wọ́n bá lò ó tán.