Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ẹṣin Tí Kò Fẹ́ Okùn Orí

Ìbáà jẹ́ ẹṣin tó ń gbé ọmọdé kiri létíkun Lẹ́kí tàbí èyí tó wà nítòsí pápá pólò Ìkòyí, èyí tí kò bá gba okùn sórí kò ṣeé wẹ̀, dókítà ẹran ò sì ní rí i fún lábẹ́rẹ́. Okùn orí là ń wí o, kì í ṣe ìjánu: kò ní irin tó ń wọ ẹnu.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń dùn ún. Ẹ wo inú etí àti ẹ̀yìn etí, torí eégbọn fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹ wo egungun imú pẹ̀lú. Iyanrìn àti omi iyọ̀ tó há sábẹ́ okùn máa ń họ ọ́ bó. Bí egbò bá wà, ẹ jẹ́ kó jinná ná. Ẹṣin tí wọ́n ti lọ́ létí rí náà kì í fẹ́ kọ́wọ́ kan orí òun.

Àárọ̀ kùtù ló dára jù, kí oòrùn tó mú, kí jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà tó gbòde. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà. Kì í rí ohun tó sún mọ́ iwájú orí rẹ̀ gan-an, kì í sì í rí ẹ̀yìn ìrù. Nítorí náà, ẹ gba ọ̀nà èjìká òsì, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ sì máa họ ìdí gọ̀gọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ẹṣin ń bá ara wọn họ.

Ẹ wá rọra gbé ọwọ́ lọ sọ́rùn, lọ sẹ́yìn etí. Bó bá gbọn orí, tẹ́ ẹ sì gbọ́wọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ ti kọ́ ọ pé gbígbọn orí ló ń lé ọwọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kọ́wọ́ wà níbẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gẹ́rẹ́ tó bá dúró, bó tiẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n mímí kan, ẹ gbọ́wọ́ kúrò kíá. Ìgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò ni ẹ̀kọ́ ń wọlé. Bí funfun ojú rẹ̀ bá yọ, tó na etí sẹ́yìn, ẹ padà síbi tó ti gbà tẹ́lẹ̀. Bó bá tẹ orí balẹ̀, tó ń lá ètè, ẹ jẹ́ kó sinmi. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 tó lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ fi okùn kọ́ ọ lọ́rùn kó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ la ojú okùn orí sábẹ́ imú rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ ki imú bọ inú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ kó tó fà á yọ. Bó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ gbé apá okùn tó ń gba ẹ̀yìn etí kọjá láìtẹ etí mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ dè é. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lápá ọ̀tún, torí ohun tí ojú òsì ti mọ̀ ṣì lè dẹ́rù ba ojú ọ̀tún.

Ẹ má pe géńdé mẹ́ta láti dì í mú. Ẹ̀rù lẹ máa kọ́ ọ, ó sì lágbára jù yín lọ. Ẹ má fún un lóúnjẹ láti fi tàn án. Tó bá ti dúró jẹ́ẹ́ tán lẹ fún un ní koríko tútù. Ẹ má wé okùn mọ́ ọwọ́, ẹ má wọ sílípáàsì wọ ibẹ̀. Tó bá dalẹ́, ẹ bọ́ okùn náà: bó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ etí, pátákò lè há sínú rẹ̀, okùn ọ̀rá ò sì ní já.