Bẹ́ ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín ya ọ̀nà tí asteroid ń gbà, ká fi 2024 YR4 ṣe é

Ẹ rántí 2024 YR4, òkúta òfurufú tí gbogbo ayé ń pariwo ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 pé ó lè wá kọlù wá ní ọjọ́ 22 oṣù Disẹ́ńbà 2032? Ariwo yẹn ti lọ sílẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n èmi ò rí òkúta míì tó dáa tó o láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọ̀nà tí asteroid ń gbà yí oòrùn po, torí nọ́ńbà ẹ̀ rọrùn, èèyàn ò nílò ju bébà kan, píìnì méjì, òwú, rúlà, pẹ́ńsù àti fóònù tó ní kálíkúlétọ̀ lọ. Ẹ wá páálí kan tẹ́ bébà yẹn kí píìnì lè ríbi dúró sí.

Ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ ẹ̀ ná, torí orúkọ yẹn kì í ṣe pé wọ́n kàn ṣà á jọ. 2024 ni ọdún tí wọ́n rí i. Wọ́n pín ọdún sí ìdajì oṣù, ìdajì oṣù, wọ́n wá fún ìkọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tiẹ̀: A ni ìdajì àkọ́kọ́ nínú Jánúárì, ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dórí Y tó jẹ́ ìdajì tó gbẹ̀yìn nínú Disẹ́ńbà, wọ́n fo I nìkan. R4 ńkọ́? R ni lẹ́tà 17 tẹ́ ẹ bá ti yọ I kúrò, 4 yẹn sì ń sọ pé wọ́n ti lo lẹ́tà 25 yẹn tán lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹn 100, ẹ wá fi 17 lé e. Òun ló ṣe ìkẹtàdínlọ́gọ́fà, 117, nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ìdajì oṣù yẹn. Tẹ́lískóòpù ATLAS tó wà ní Chile ló rí i ní ọjọ́ 27, ọjọ́ Kérésì ló sì ti kọjá lára wa! Ó ti lọ tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ wá nọ́ńbà ẹ̀. JPL, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan lábẹ́ NASA, àjọ òfurufú ti Amẹ́ríkà, ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Small-Body Database, ọ̀fẹ́ ni, ẹ tẹ orúkọ òkúta yẹn síbẹ̀. Tábìlì tó kún fún nọ́ńbà ló máa jáde, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, mẹ́ta péré là ń wá. Èyí tí wọ́n kọ a sí ni ìdajì gígùn ọ̀nà yẹn, AU ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, 1 AU sì ni bí oòrùn ṣe jìnnà sí wa, bíi 150 mílíọ̀nù kìlómítà. Ti YR4 jẹ́ 2.52. Èyí tí wọ́n kọ e sí ló ń sọ bí wọ́n ṣe fa róbótó yẹn gùn tó, 0 túmọ̀ sí pé ó rí róbótó dáadáa, bó bá ṣe ń sún mọ́ 1 ló ṣe ń gùn sí i, ti YR4 sì jẹ́ 0.66, ó gùn gan-an. Ìkẹta ni i, ìyẹn bí ọ̀nà yẹn ṣe fì kúrò lára ọ̀nà tí ayé ń tọ̀, dìgíríì 3.4 péré ni.

Ẹ gbé kálíkúlétọ̀ jáde. Ẹ fi 2.52 ṣe ìlọ́po ara ẹ̀, ẹ tún fi 2.52 lù ú lẹ́ẹ̀kan sí i, 16 lẹ máa rí, àfi bíńtín tó lé. Ẹ tẹ square root ẹ̀: 4. Ọdún mẹ́rin ló fi ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan nìyẹn, òfin Kepler, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ayé àtijọ́, tó ti lé ní irínwó ọdún lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yẹn. Ẹ wá kà á láti Disẹ́ńbà 2024: Disẹ́ńbà 2028, Disẹ́ńbà 2032. Ṣẹ́ ẹ ti rí ibi tí 2032 ti wá? Kò sí àfọ̀ṣẹ níbẹ̀.

Ó ku yíyà, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ kí sẹ̀ǹtímítà 2 dúró fún 1 AU. Ẹ gún píìnì kan, oòrùn nìyẹn. Ẹ gún èkejì sí 6.65 sẹ̀ǹtímítà sí i (ìlọ́po méjì a lọ́nà e, tẹ́ ẹ sọ di sẹ̀ǹtímítà), ìkejì yìí ò dúró fún nǹkan kan lójú ọ̀run o, ìyàwòrán nìkan ló wà fún. Ẹ ta òwú ní lúùpù, kí gbogbo gígùn lúùpù yẹn jẹ́ 16.7 sẹ̀ǹtímítà (6.65 yẹn pẹ̀lú ìlọ́po méjì a ní sẹ̀ǹtímítà) LẸ́YÌN tẹ́ ẹ bá ti ta á tán, mo sọ bẹ́ẹ̀ torí ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é mi ò ro ti òwú tí kókó máa jẹ, gbogbo nǹkan tí mo yà ló kéré ju bó ṣe yẹ lọ mo sì ń bá kálíkúlétọ̀ jà. Ẹ fi lúùpù kọ́ píìnì méjèèjì, ẹ ki pẹ́ńsù bọ inú ẹ̀, ẹ fà á kó le, kẹ́ ẹ wá máa yí i lọ láìjẹ́ kó dẹ̀. Kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ẹ gbà á, ẹ fi rúlà wọ̀n láti oòrùn: ibi tó sún mọ́ ọn jù gbọ́dọ̀ jẹ́ bíi 1.7, ibi tó jìnnà jù bíi 8.4. Ní òfurufú, ìyẹn jẹ́ 0.85 AU àti bíi 4.2 AU.

Ẹ wá ya ayé. Róbótó tó jẹ́ pé láti oòrùn dé etí ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Ó máa gé ọ̀nà òkúta yẹn níbi méjì. Asteroid tí a ẹ̀ ju 1 lọ tó sì ń wọlé wá bá ọ̀nà wa báyìí ni wọ́n ń pè ní Apollo. Ti fífì yẹn, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, dìgíríì 3.4 kò lè gbé e sókè ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ lórí bébà yín, kódà ní ìdí ibi tó jìnnà jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rèé. Wọ́n á rí i pé ọ̀nà méjèèjì pàdé, wọ́n á ní ó ti parí. Ìkòríta ni o, ìkòríta kì í ṣe ìjàǹbá, àfi tí àwọn méjèèjì bá débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ayé fẹ̀ tó bíi 12,700 kìlómítà, ó sì ń sáré bíi 30 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò gbà á ju ìṣẹ́jú méje lọ kó tó kúrò lójú ibi tó wà pátápátá. Ẹ ro bí ìṣẹ́jú méje ṣe kéré tó nínú ìrìn ọdún mẹ́jọ.

Nígbà náà kí ló dé tí wọ́n ní ó ṣeé ṣe tó 3.1% pé ó máa kọlù ayé, ní ọjọ́ 18 Fẹ́búárì 2025, tó sì wá já wálẹ̀ wàrà láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Ká ní wọ́n ń wá ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ilé, tiyín wà lára ẹ̀. Wọ́n yọ àádọ́ta kúrò, tiyín ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tún yọ, ó ku bíi 32, tiyín ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn ni 3.1%. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe nǹkan kan, wíwá ló ń sún mọ́ yín. Ọjọ́ tí wọ́n yọ tiyín, ó tán. Bí wọ́n ṣe ń rí òkúta yẹn sí i ni wọ́n ń yọ ilé, ìyẹn àwọn ibi tí wọ́n rò pé ó lè gbà, ayé wa sì ni ilé tiyín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbìyànjú òmíràn, ẹ mú Apophis: a ẹ̀ jẹ́ 0.92, e jẹ́ 0.19, ẹ jẹ́ kí 1 AU jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 kó lè hàn. Àmọ́ ẹ kọ déètì sára bébà yẹn o, torí ní ọjọ́ 13 oṣù Épírì 2029 ó máa kọjá ní bíi 32,000 kìlómítà sórí ilẹ̀, kò ní kọlù wá, ṣùgbọ́n ayé máa fà á débi pé a ẹ̀ máa ju 1 lọ, ẹ máa tún un yà ni.