Bí Jẹjẹrẹ Ọmú Ṣe Ń Já Odi: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Àgbẹ̀ ní Èkìtì

Ẹni tó bá ti wa iṣu nínú oko ẹ̀kan ní Ìkọ̀lé tàbí Ẹ̀fọ̀n á ti rí i: orí ebè mọ́, àmọ́ gbòǹgbò ẹ̀kan ti gún iṣu já nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọmú. Awọ lè máa dán, kí iṣẹ́ ibi ti máa lọ lábẹ́.

Inú ọ̀pá tíntín tí wàrà ń gbà kọjá ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà míì inú àpò kéékèèké tó ń ṣe wàrà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yí wọn ká bí ọgbà. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara) tó ya ìpáǹle bá ṣì wà nínú ọgbà yìí, wọn kò tíì ráyè dé ibòmíràn, ìtọ́jú sì máa ń ṣẹ́gun wọn dáadáa.

Kí wọ́n tó jáde, ohun tó lẹ̀ wọ́n mọ́ra bí àtè á dẹ̀. Wọ́n á wá máa tu oje tó ń yọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, tó jẹ́ odi wọn. Ibí yìí ni wọ́n ti yàtọ̀ sí ẹ̀kan: ẹ̀kan ń fi ṣóńṣó gún, jẹjẹrẹ ń yọ́ ọ̀nà fún ara rẹ̀. Kódà, ó máa ń sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa wo ọgbẹ́ di alágbàṣe rẹ̀. Bó bá wọ iṣan omi ara, kókó abẹ́ abíyá ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà, egungun, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ tàbí ọpọlọ.

Bó ṣe ń fa okùn tó so ọmú mọ́ awọ ni awọ ṣe ń jìn, tí orí ọmú ń wọlé. Bó bá dí ọ̀nà omi ara, awọ á wú, á ní ihò wẹ́wẹ́ bí èèpo ọsàn. Kókó náà máa ń le, kì í sì sábà dunni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ìrora.

Ẹ yẹ ọmú wò lóṣooṣù, ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn nǹkan oṣù. Ẹ fi ọṣẹ sọ́wọ́, kí ẹ fi ikùn ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́ yípo, wẹ́rẹ́ ná, kó tó wá jinlẹ̀, títí dé abẹ́ abíyá. Àwọn ọkùnrin pẹ̀lú lè ní jẹjẹrẹ ọmú.

Bí ẹ bá bá kókó, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fi ewé gbígbóná jó o. Oje jẹjẹrẹ tó ń yọ́ odi kò ní dúró dè yín. Ẹ lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé, wọ́n á darí yín sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí Ìdó. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n á fi bu díẹ̀ lára kókó náà fún àyẹ̀wò. Ẹ bi dókítà pé, "Ṣé ó ti já odi?" Kí ẹ tọ́jú ìwé èsì náà, kí ẹ sì máa mú un dání nígbàkigbà tí ẹ bá ń padà lọ.