Ẹ jẹ́ kí kóòdù yín bá yín kọ ìwé àlàyé

Okun o, ẹ̀yin ará Kabba, Mọ̀pà, Ìsánlú tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù. Ẹ mọ wàhálà yìí: ẹ jókòó kọ àlàyé iṣẹ́ yín sínú Word, ó dùn wò, kò pẹ́ ẹ tún kóòdù ṣe, ìwé ò bá kóòdù mu mọ́. Inú kóòdù gan-an ni kẹ́ ẹ kọ àlàyé sí, kí tool wá kó o jáde.

Tó bá jẹ́ Python lẹ ń lò, pydoc, tool tó ń kó àlàyé jáde, ti wà nínú ẹ̀, ẹ ò ní fi dátà daunlódù nǹkan kan. Ká ní ìyá kan tó ń ta gàrí lọ́jà Kabba lẹ ń ṣe é fún, ẹ pe fáìlì ní gari.py:

def owo(mudu, iye):
    """Ṣírò owó gàrí.

    mudu: múdù mélòó ni wọ́n rà, ààbọ̀ náà wọlé (0.5)
    iye: owó múdù kan, ní náírà
    """
    return mudu * iye

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ààbọ̀ yẹn, irú ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ máa kọ, torí gbogbo ẹni tó mọ Python ló ti rí i pé ẹ ń fi mudu sọ iye di ìlọ́po, ṣùgbọ́n kò lè mọ̀ pé ààbọ̀ wọlé. Àlàyé tó wà láàárín """ yẹn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ def gẹ́lẹ́, èyí tẹ́ ẹ fi # kọ sáàárín iṣẹ́, pydoc ò ní wò ó. Ẹ ṣí terminal nínú fódà yẹn kẹ́ ẹ tẹ:

python -m pydoc -w gari

Kì í ṣe gari.py lẹ máa tẹ o! Ẹ máa rí gari.html níbẹ̀, ẹ fi browser ṣí i. Àmì ohùn Yorùbá ò ní bàjẹ́, ẹ ṣáà ti sefù fáìlì ní UTF-8 (ọ̀nà ìkọ lẹ́tà tó gba àmì ohùn).

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, pydoc máa ń ran fáìlì yẹn kó tó ka àlàyé, tí láìnì tó ń pa rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ́ bá wà níta function, á pa á rẹ́ lóòótọ́, irú ẹ̀ ẹ kó o sábẹ́ láìnì yìí, kó lè jẹ́ ìgbà tẹ́ ẹ bá ran fáìlì náà fúnra ẹ̀ nìkan ló máa ṣiṣẹ́: if __name__ == "__main__":

Àwọn Java ní javadoc, inú JDK, àkójọ irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń kọ Java, ló wà. Ẹ̀yin C àti C++, Doxygen ni tiyín, láti 1997 ló ti wà. Ẹ tẹ doxygen -g, á kọ Doxyfile, fáìlì ètò ẹ̀, fún yín, ẹ sọ RECURSIVE tó wà nínú ẹ̀ di YES kó lè wọnú àwọn fódà kéékèèké, kẹ́ ẹ wá tẹ doxygen. EXTRACT_ALL tó wà níbẹ̀ náà ńkọ́? Lójú tèmi, ẹ fi sílẹ̀ ní NO, torí tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di YES, á kó èyí tí ò lálàyé rárá pọ̀ mọ́ ọn, kò sì ní kìlọ̀ fún yín mọ́ pé ẹ ò tíì kọ ọ́.